Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Dúró Ti Ìdílé Tí Ọmọ Wọn Ń Ṣàìsàn Líle ní Abuja, Kí Ìrànlọ́wọ́ Náà Má Tán ní Ọ̀sẹ̀ Kejì

Ìfẹ́ kò wọ́n wa ní Abuja. Bí ìròyìn bá dé pé wọ́n gba ọmọ ẹnì kan nínú wa dúró sí ilé ìwòsàn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ogún ènìyàn ti gba ọ̀nà Gwagwalada, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, kúlà ìrẹsì ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àdúrà sì ti gba gbogbo ojú WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni a ti máa ń kùnà. Nígbà náà gbogbo wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá ọmọ nìkan ni ó kù lórí ẹní, kò sì mọ ẹni tí yóò pè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá ni ó sọ pé, "Bí ẹ bá ti nílò ohunkóhun, ẹ sọ fún wa," tí wọ́n sì bá ọ̀nà tiwọn lọ.

Mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Kubwa nígbà tí irú rẹ̀ kàn wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí. Ìrẹsì tí a gbé lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pọ̀ débi pé ó kan sí igun wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, tí dókítà béèrè ẹ̀jẹ̀, mo pe ènìyàn mọ́kànlá, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè dé kí oòrùn tó wọ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Ètò tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni a jókòó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, òun ni a sì ń lò títí di òní. Ẹgbẹ́ ìlú lè lò ó, ìjọ lè lò ó, jámáà mọ́ṣáláṣí àti àwọn ará àdúgbò kan náà sì lè lò ó.

Ẹ fi í sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìrìn gígùn ni. Irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọdé máa ń gba ìtọ́jú ọdún méjì sí mẹ́ta. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lè máa lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ná owó yín tán, ẹ má sì ṣe ná agbára yín tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Alábòójútó kan àti igbákejì rẹ̀, àwọn méjì péré, tí gbogbo ọ̀rọ̀ yóò máa gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.
- Ìwé àkọsílẹ̀ oníbébà kan. Fóònù máa ń kú, ọ̀rọ̀ WhatsApp sì máa ń ṣàn lọ bí omi.
- Àkáǹtì báńkì tí ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde nínú rẹ̀.
- Orúkọ ènìyàn méjìlá, ó kéré tán, pẹ̀lú ohun tí oníkálukú lè ṣe ní tòótọ́: ẹni tí ó ní ọkọ̀, ẹni tí ó ń gbé nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹni tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà á láyè lọ́sàn-án.
- Ẹní, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, fúláàsì omi gbígbóná, garawa kékeré, ọṣẹ, pawabáǹkì, àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ, kì í ṣe ìrẹsì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba àyè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá

Kí ẹnikẹ́ni tó dá owó, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìkòkò kaná, ẹ rán ẹnì kan lọ bá àwọn òbí. Kò dìgbà tí ó bá jẹ́ alága ẹgbẹ́. Ẹni tí ìyá ọmọ náà lè sunkún níwájú rẹ̀ láìtijú ni kí ẹ wá. Kí ó jókòó, kí ó kí wọn, kí ó sì béèrè ohun mẹ́ta pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: ta ni wọ́n fẹ́ kí ó máa gbẹnu sọ fún ìdílé, èló nínú ọ̀rọ̀ àìsàn náà ni ènìyàn lè gbọ́, àti kí ni wọn kò fẹ́ rárá.

Ìdáhùn ìbéèrè kejì máa ń yani lẹ́nu. Ìdílé kan lè fẹ́ kí gbogbo ayé gbàdúrà pẹ̀lú orúkọ àìsàn náà, òmíràn lè máà fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó wà ní Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ kí àwọn fúnra wọn tó pè é. Bí ó bá jẹ́ àìsàn tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, bí fọ̀níkúfọ̀ládìde, wọ́n lè máa ro ti àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí yóò wá ọkọ tàbí aya lọ́la. Ohun tí wọ́n bá sọ ni àṣẹ, ì báà tilẹ̀ dà bíi pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà jù lọ nìyí: àwòrán. Ẹnì kan yóò ya ọmọ náà níbi tí rọ́bà wà nímú rẹ̀, yóò gbé e sórí WhatsApp pẹ̀lú èrò rere, kí ó sì tó di alẹ́, àwòrán náà ti dé Kano, ó ti dé Jos, ẹnì kan tí a kò mọ̀ sì ti fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ rọ́pò ti ìdílé. Ọmọ náà yóò dàgbà lọ́lá Ọlọ́run, yóò sì rí àwòrán náà. Bí àwọn òbí kò bá fúnra wọn sọ pé kí a lò ó, kí ẹnikẹ́ni má ya á.

Ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí bí alábòójútó bá lè dá ẹni tí ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn láìméfò: ohun tí ó lè sọ fún un, àti ibi tí yóò ti dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pín in

Ẹ má ṣe bi ìyá ọmọ pé, "Kí ni kí a ṣe fún yín?" Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin kò ní okun láti ronú iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó ká a lára jù. Ẹ wo bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, kí ẹ sì mú iṣẹ́ lọ bá a ní pàtó: "Ìyá Ìbejì, èmi yóò wà lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó lè sùn díẹ̀."

Iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ni iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró ti aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá wa mọ bí ó ṣe ń rí: dókítà yóò kọ ìwé, ènìyàn yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó, yóò tò láti san án, yóò gba rìsíìtì, yóò tún tò ní fámásì, bí oògùn kò bá sí níbẹ̀ yóò jáde lọ wá a nígboro, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà yóò gba ọwọ́ rẹ̀ dé láàbù, èsì náà yóò sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Bí ìyá bá dá wà, ó gbọ́dọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje lóòjọ́, ìgbà tí kò sí nítòsí náà sì ni dókítà máa ń yà. Ẹni kan ṣoṣo tí ó ń sáré káàkiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ níye lórí ju kúlà mẹ́wàá lọ.

Nítorí náà, ẹ ya ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́, kí ẹ fi ènìyàn méjì sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò dípò rẹ̀ bí ìdíwọ́ bá dé. Ẹ ro ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Kubwa yóò gba Zuba àti Giri dé Gwagwalada láìwọ àárín ìlú. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Nyanya tàbí Mararaba lè lo gbogbo àárọ̀ rẹ̀ nínú gó-síló. Ẹ fún un ní iṣẹ́ Àbámẹ́ta tàbí ti Àìkú, kí ó má baà jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ènìyàn kan náà sí iṣẹ́ mẹ́ta nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣubú ní oṣù kejì, tí gbogbo ètò yóò sì bá a ṣubú.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú: ṣé orúkọ méjì wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ṣé oníkálukú ló sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń bọ̀? Kí ènìyàn ka WhatsApp kọ́ ni ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ 3: Owó

Kí ẹ tó dá kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ìdílé náà. Bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ètò adójútòfò ìlera NHIA gba òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ó yani lẹ́nu bí a ṣe ń rí òbí tí kò tíì forúkọ ọmọ kẹta tàbí ìkẹrin sílẹ̀. Kí ẹnì kan bá bàbá lọ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bí ọmọ bá ti wà nínú ètò, ẹ gba kóòdù ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò kí ẹ tó gbé e láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí ti ńlá. Ìdílé tí kò ní kóòdù ni wọn yóò ní kí ó fi owó ara rẹ̀ sanwó. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀ràn ìgbé ayé aláìsàn, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Social Work. Ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì mọ ọ̀nà ìrànwọ́ tí ó wà fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa kan ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ẹ bá wọn lọ.

Nígbà tí ó bá wá kan owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ẹni méjì tí ń fọwọ́ sí i yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan nínú wọn má sì jẹ́ ìbátan ìdílé náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ilé ìwòsàn ni kí ẹ san owó fún tààrà, kí ẹ sì fi rìsíìtì pamọ́ sínú ìwé. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni kí ẹ máa fi lé ìyá lọ́wọ́, láìbéèrè bí ó ṣe ná an.

Ẹ má ṣe ka orúkọ àti iye owó jáde nínú ìpàdé. Mo ti rí bàbá kan tí ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn kéde ẹni tí ó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ọmọ rẹ̀. Kò tún wá sípàdé mọ́ fún ọdún kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ owó ni pé kí ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó bá kọ́kọ́ wọlé sọ́tọ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí oṣù àkọ́kọ́ yóò fi kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìtọ́jú ń ràn lọ́wọ́ ni òbí wọn dá ìtọ́jú dúró láàárín ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ owó ọkọ̀ lásán ni kò sí láti padà wá gba abẹ́rẹ́ tí ó kàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ni yóò gbé ọmọ padà wá ní oṣù kẹrin tí kò ní sí ẹni tí ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun.

Ètò owó ti dúró bí akápò bá lè sọ, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye tí ó kù, kí ó sì fi rìsíìtì hàn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ̀jẹ̀

Ibí ni ẹgbẹ́ tiwa ti kùnà, nítorí náà n ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 65, tí ó wúwo tó kílò 50 ó kéré tán, tí ara rẹ̀ le, tí kò lóyún, tí kò sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mililítà 450, fífà á gan-an kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ sinmi oṣù mẹ́ta kí ó tó tún ṣe é, obìnrin oṣù mẹ́rin.

Ìṣirò kékeré kan wà nínú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ kì í ṣe. Bí ẹ bá kó gbogbo ènìyàn méjìlá lọ ní ọjọ́ kan náà, inú yín yóò dùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta gbáko kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò wúlò mọ́. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 35 sí 42, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí ọmọ tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ máa ń nílò lemọ́lemọ́, kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ kí ó tó bà jẹ́. Kò ṣeé kó jọ. Nítorí náà, ẹ pín àwọn méjìlá sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ náà àwọn lè gbọ́ ìpè nígbàkigbà.

Ẹ kíyè sí kàlẹ́ńdà. Nínú oṣù Ramadan, àwọn Mùsùlùmí wa ń gbààwẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì yẹ kí ẹni tí ń gbààwẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣínu. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni kí ó gba àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ní òpin oṣù Kejìlá, Abuja máa ń ṣófo, àwọn tí ń lọ ilé ọdún Kérésì yóò ti wọkọ̀. Kí àwọn Mùsùlùmí gba tiwọn. Ní tiwa, àwọn méjèèjì ń gbé ara wọn ró lọ́nà yìí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ó ṣófo mọ́.

Àwọn ibi tí ẹ ti lè ṣìnà pọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń padà sílé nítorí wọ́n gbọ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ àwọn kò bá ti ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìpààrọ̀ ni ilé ẹ̀jẹ̀ fẹ́, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ mìíràn dípò èyí tí wọ́n fún ọmọ, èyíkéyìí sì dára. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Bí àwọn dókítà bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, kí bàbá, ìyá àti àwọn tí ó bá ọmọ náà tan má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un láìbi dókítà, nítorí ó lè ṣàkóbá fún iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má sì ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń rìn káàkiri ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹni tí ń tà á ní ìdí láti purọ́ nípa ara rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló sì ń ba ẹgbẹ́ jẹ́. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó wá wò fún kòkòrò HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó. Bí wọ́n bá dá ẹnì kan padà, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé kí ló fà á. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Ohun yòówù tí ì báà jẹ́, àárín òun àti ilé ẹ̀jẹ̀ ni. Alábòójútó yóò kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti ṣe tirẹ̀, yóò sì fi í sídìí iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn bá rí i pé a ń bi ara wa ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò wá mọ́.

Láti mọ̀ bóyá ètò ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò nígbà tí a kò nílò rẹ̀: kí alábòójútó pe ọ̀wọ́ tí ọ̀sẹ̀ kàn ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ó béèrè ẹni tí ó lè dé láàárín wákàtí mẹ́ta. Bí méjì nínú mẹ́ta bá lè dé, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 5: Àbẹ̀wò àti oúnjẹ

Oògùn jẹjẹrẹ máa ń pa èròjà tí ń bá àìsàn jà nínú ara ọmọ. Ikọ́ tí àgbàlagbà kò kà sí lè gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ dè. Nítorí náà, ẹni tí ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí inú rẹ̀ ń ṣí, tàbí tí ọmọ rẹ̀ nílé ní èéyi tàbí èyíkéyìí nínú àwọn àìsàn tí ń sú sí ara, kí ó jókòó sílé. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku mú gbogbo wa nímú, àti láti bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún, tí ooru mú, tí àìsàn yírùnyírùn sì máa ń jà ní Àríwá, ẹ dín àbẹ̀wò kù sí ẹnì kan lóòjọ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, kí ó má gbé ọmọ náà, kí ó má sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ti tó.

Bí ẹ bá wá ẹgbẹ́ akọrin tàbí àwọn àlùfáà láti gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sí ìta wọ́ọ̀dù. Ọlọ́run ń gbọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà lórí àwọn bẹ́ẹ̀dì tó kù sì ní ẹ̀tọ́ láti sùn.

Ní ti oúnjẹ, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó se. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára lè má gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọsàn, àwọn ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ rà fún aláìsàn nìyẹn. Ọmọ tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ kò gbọdọ̀ mu fura àti nono tí a rà lójú títì, kò gbọdọ̀ jẹ súyà tàbí kílíṣí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ èso tí a kò fọ̀, tí a kò sì bó. Oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tí ó gbóná, tí ó kéré, ni kí ẹ gbé wá. Ẹ rántí ìyá pẹ̀lú: abọ́ kan fún un, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, láti ọwọ́ ẹnì kan tí ọjọ́ kàn.

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí oúnjẹ àná bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ ń gbé jù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ilé àti àwọn ọmọ tó kù

Gbogbo ènìyàn ń wo ọmọ tí ó dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá tí ó ń dá àbúrò rẹ̀ méjì wẹ̀ nílé kò sí lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ìdílé kan tí àwọn ọmọ náà mọ̀ dáadáa, kí wọ́n máa sùn níbẹ̀ tàbí kí ẹni àgbà kan láti ibẹ̀ máa sùn tì wọ́n. Ẹ má ṣe pín wọn káàkiri ilé mẹ́ta. Kí ẹnì kan máa gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì jẹ́ kí tíṣà mọ ìdí tí iṣẹ́ àmúrelé kò fi pé, bí àwọn òbí bá yọ̀ǹda. Àwọn ọmọdé máa ń rò pé àwọn ni ó fa àìsàn náà, nítorí ìjà kan tàbí èpè kan tí wọ́n ti gbàgbé sọ. Kí àgbàlagbà tí wọ́n fọkàn tán sọ fún wọn ní kedere pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ìyá bá ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kan máa ṣí i fún un, kódà fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, nítorí oníbàárà tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì nígbà mẹ́ta kò ní padà wá. Bí owó ilé ọdún bá ń sún mọ́, kí alàgbà kan nínú ẹgbẹ́ lọ bá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ọjọ́ tó pé.

Ìdáhùn yóò wá láti ẹnu ọmọ tí ó dàgbà jù nílé. Ẹ bi í pé, "Ta ni ó máa sùn tì yín lálẹ́ òní?" Bí ó bá dá yín lóhùn láìronú, ó dára.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀rọ̀ ẹnu, àti àgbo

Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn yín ní ohun tí wọ́n á sọ. "Ẹ kú ìdúrótì. Ọlọ́run á fi àlàáfíà fún un." Ó tó. Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ sì jókòó. Ẹ má ṣe sọ ìtàn ọmọ ẹlòmíràn tí ó ṣe irú rẹ̀, ì báà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí ó yè. Ẹ má ṣe bi ìyá bóyá ó ti wádìí ìdílé ọkọ rẹ̀, ẹ má sì sọ̀rọ̀ àbíkú tàbí ọ̀rọ̀ ayé níwájú rẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń bi ara rẹ̀ lóru bóyá ohun tí òun jẹ nígbà oyún ló fà á ni ẹ̀ ń fi iyọ̀ sí ojú egbò rẹ̀.

Àgbo yóò dé. Láti Ìbàdàn ni, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó ní ìfẹ́ tòótọ́, àwọn òbí kò sì ní lè kọ̀ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó gba ìkòkò náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì fi í hàn dókítà kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu ọmọ. Àgbo tí ó dára fún àgbàlagbà lè pa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ tí ń gba oògùn líle lára, ó sì lè sọ oògùn náà di asán.

Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ máa lọ sílé

Gbogbo ènìyàn yóò rò pé ó parí. Fún ọmọ tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ tàbí tí ó ní fọ̀níkúfọ̀ládìde, àkókò tí ó léwu gan-an ni. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn ìgbóná ara lé ìyá lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n lò. Bí ó bá ka 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ fún un ní parasitámọ́ọ̀lù láti wò ó di àárọ̀, nítorí oògùn náà lè bo ibà mọ́lẹ̀ nígbà tí àìsàn ń ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Nítorí èyí, ẹ nílò ọkọ̀ òru. Kí ẹni méjì tí ó ní ọkọ̀ gba ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí epo wọn má bọ́ sísàlẹ̀ ìdajì táǹkì, kí fóònù wọn má sì wà ní dídákẹ́ lóru. Kí ẹnì kejì bá awakọ̀ lọ. Ọ̀nà òru kì í ṣe ọ̀nà ẹnì kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí dókítà dá fún ìpadàbọ̀ sára ògiri ilé àti sínú ìwé ẹgbẹ́, kí alábòójútó sì pe ìdílé náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú láti béèrè owó ọkọ̀.

Ẹ pe nọ́ńbà ọkọ̀ òru náà ní aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Bí wọn kò bá gbé e, ẹ kò tíì ní ọkọ̀ òru.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí ọmọ náà kò bá yè é

Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Ilé ìwòsàn yóò fẹ́ kí a parí ìṣirò owó kí ó tó gbé òkú sílẹ̀. Kí akápò àti ọkùnrin méjì lọ ṣe é, kí bàbá má tò lọ́jọ́ náà. Bí ìdílé bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọn yóò fẹ́ sin ín lọ́jọ́ náà, nítorí náà, kò sí àyè fún ìpàdé. Àṣà wa kì í fẹ́ kí òbí dé ìdí sàréè ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan wà tí wọn kì í lè simi láìrí ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ wọn sí. Ẹ bi wọ́n. Ẹ má ṣe pinnu fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Ọmọ yìí ní orúkọ. Ẹ pè é.

Ẹ kó nẹ́ẹ̀tì, ẹní àti fúláàsì padà ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ pa àkáǹtì dé, kí ẹ sì fi ìṣirò han àwọn òbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ kò tíì ní pa dé. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà tí ń bọ̀, ẹni tí yóò lọ jókòó ti ìyá náà, pẹ̀lú ẹni tí yóò bá bàbá rìn jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù kẹrin, ẹ ṣí ìwé náà: ṣé orúkọ ẹni tí ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá wà níbẹ̀? Bí àyè náà bá ṣófo, kí alábòójútó dìde lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà.